Àga Àlejò Nínú Ilé Ìkàwé

Bí wọ́n bá ti gbé àga tuntun wọ ilé ìkàwé wa, a mọ̀ pé àlejò ń bọ̀ láti Àbújá nìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá mọ̀ ọ́n. Wọ́n á rí ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á rí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé àga onítìmùtìmù gun àtẹ̀gùn, wọ́n á sì máa sọ láàárín ara wọn pé, "Àlejò ti ń bọ̀ o. Ẹ tètè jókòó kí wọ́n tó kó o lọ." Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń fi í ṣe. Èmi tí mo jẹ́ olórí ilé ìkàwé náà kì í lè bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àwọn àlejò yóò dé, wọn yóò yẹ gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ wò láti mọ̀ bóyá ó yẹ kó máa kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tó ń kọ́ wọn, wọn yóò kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, wọn yóò jẹun, wọn yóò lọ. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ọkọ̀ kan náà á padà wá, àwọn òṣìṣẹ́ kan náà á kó àga lọ síbi tí wọ́n ti gbé e wá. Àwọn ọmọ á tún padà sórí bẹ́ǹṣì.

Àkúrẹ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà wà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí mi ò kọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni. Mo débẹ̀ kété lẹ́yìn tí Èkìtì yà kúrò lára wa, tí ìpínlẹ̀ Oǹdó tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti di ẹrù wọn gba Adó lọ. Oǹdó ni wọ́n ti bí mi. Mo gba yàrá sí Arakálẹ̀, lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé. Bí mo bá ń jáde láàárọ̀, á ní, "Ṣé ulé ùwé lò ń lọ?" Mo ṣàlàyé títí pé èmi kì í ṣe tíṣà, pé ìwé ni mò ń tọ́jú. Ó wò mí lọ, ó wò mí bọ̀. Ó ní ùwé tí kì í jẹun, tí kì í sunkún, kí ni wọ́n ń tọ́jú lára rẹ̀?

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mi ò mọ̀ pé màá gbọ́ ìbéèrè yẹn gan-an lẹ́nu àwọn tó kàwé ju ìyá náà lọ, àwọn tó wọ aṣọ oyè, tí wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí wọn lára.

Mo bá gíwá púpọ̀ ṣiṣẹ́. Gíwá ni à ń pe olórí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Wọn ò jọra wọn. Òmíràn á máa pariwo, òmíràn jẹ́ oníwà tútù, òmíràn fẹ́ràn kí wọ́n máa ya fọ́tò òun. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló sọ gbólóhùn kan náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé: pé ilé ìkàwé ni ọkàn ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á dúró díẹ̀ kí a lè pàtẹ́wọ́ fún wọn, a ó sì pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní rí wọn nílé ìkàwé títí àwọn àlejò ará Àbújá á fi tún ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀. Mo máa ń rò ó nínú ara mi pé irú ọkàn wo ni ènìyàn ní tí kì í rántí àfi tí dókítà bá fẹ́ yẹ ara rẹ̀ wò.

Mi ò sọ pé ènìyàn burúkú ni wọ́n. Ilé-ẹ̀kọ́ tóbi, wàhálà rẹ̀ ò kéré. Òrùlé ibì kan ń jò, àwọn olùkọ́ ń halẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, omi ò sí ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ilé ìkàwé kì í pariwo. Ohun tí kì í pariwo ni wọ́n máa ń gbàgbé. Àmọ́ ó máa ń dùn mí. Ó dùn mí lọ́dún tí mo débẹ̀, ó sì dùn mí lọ́dún tí mo ń lọ.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń ṣògo nínú ilé ìkàwé wa ni yàrá òkè. Yàrá náà gùn, fèrèsé wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí ènìyàn bá sì gbójú sókè láti inú ìwé, òkè Àkúrẹ́ ni yóò rí, tó dúró gbọnin nínú ọyẹ́. Bí iná bá lọ, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ò lọ. Ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ló ń gbé ìgboro, wọ́n há mọ́ra wọn nínú yàrá kóńkó, ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò ń pariwo ní ojú fèrèsé, ọmọ onílé ń sunkún. Kò síbi tí wọ́n lè jókòó. Yàrá òkè nìkan ni ibi tí ọmọ tálákà lè jókòó sí láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò ní bi í pé kí ló wá ṣe. Bẹ́ǹṣì onípákó ni wọ́n ń jókòó lé. Kò dẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣófo.

Gíwá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọmọ Oǹdó bíi tèmi ni. Inú mi dùn nígbà tí wọ́n yàn án. Mo gbọ́ pé bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé kó tó fẹ̀yìn tì, mo sì wí nínú ọkàn mi pé ọmọ tíṣà ti dé, ìyà ti tán. Ó wá bẹ ilé ìkàwé wò ní ọ̀sẹ̀ tó gbàṣẹ. Bó ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wa ké tantan pé, "Ẹ dìde!" Gbogbo àwọn ọmọ fò dìde, bẹ́ǹṣì han gooro lórí sìmẹ́ǹtì, ìwé ẹlòmíràn já bọ́. Gíwá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó juwọ́ sí wọn. Mo rí i pé ó dùn mọ́ ọn. Ó rìn dé ojú fèrèsé, ó wo òkè, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Màdáámù, ibí yìí dára púpọ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo rò pé ó ń yìn wá ni.

Kò pẹ́ tó fi ránṣẹ́ pè mí. Ó ní òun fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ máa ṣe ìpàdé ní yàrá òkè, kí òun sì máa gba àwọn àlejò pàtàkì níbẹ̀. Wọ́n á kun ún, wọ́n á gbé tábìlì gígùn síbẹ̀, àwọn àga onítìmùtìmù á sì ní ibùjókòó tiwọn.

Mo ní, "Àwọn ọmọ ńkọ́, sà?"

Ó ní, "Ìsàlẹ̀ ṣì wà fún wọn. Àti pé, Màdáámù, ayé ti yí padà. Ìwé ti wà nínú fóònù báyìí. Ọmọ tó bá fẹ́ kàwé á kà á lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀."

"Ṣé ẹ ti rí bẹ́ẹ̀dì wọn, sà?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Akọ̀wé rẹ̀ wò mí bí ẹni tó rí ejò. Gíwá ò bínú, ìyẹn ló tún wá dùn mí jù. Ó rọra rẹ́rìn-ín bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ọmọdé lọ́kàn balẹ̀, ó ní òun mọ̀ pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n kó bẹ́ǹṣì wá sísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì kéré. Èyí tí àyè gbà nínú bẹ́ǹṣì wọlé, wọ́n to èyí tó kù sí ẹ̀yìn ilé, òjò sì pa á. Àwọn ọmọ tí kò rí àyè máa ń wá wo inú láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á yí padà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọn ò wá mọ́. Ìròyìn tí wọ́n sì wá gbé fún gíwá ni pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í wá sílé ìkàwé.

Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ fún ìbínú lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ìyẹn.

Bàbá gíwá wá kú ní Oǹdó. Ó ti dàgbà, ó ti gbó, kò sí ẹni tó lè sọ pé ó kú ikú àìtọ́jọ́. Àwa òṣìṣẹ́ àgbà wọ bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́, a lọ kí gíwá pé ẹ kú àṣẹ̀yìndè. A gba ọ̀nà Bọ́lọ́rundúró, níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó sí etí títì, òórùn rẹ̀ sì kún inú bọ́ọ̀sì. Ìlú yẹn gan-an ni bàbá náà ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé fún àwọn ọmọ àgbẹ̀, kó tó fẹ̀yìn tì wálé sí Oǹdó.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni ilé rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan wà níwájú, bẹ́ǹṣì wà lẹ́bàá ògiri ní ìhà méjèèjì, àwọn ọmọ àdúgbò sì kún orí rẹ̀, oníkálukú ló ń kàwé. Òkú wà nílẹ̀, àwọn ọmọ ń kàwé! Gíwá jáde wá pàdé wa nínú agbádá rẹ̀, ó sì ṣáájú wa wọlé. Kò sí ọmọ kan tó dìde. Ẹnu yà mí. Àwọn ọmọ Oǹdó tí wọ́n ń kọ́ láti dọ̀bálẹ̀ àti láti kúnlẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa, wọ́n jókòó, àgbà ń kọjá! Ọ̀gbẹ́ni kan nínú wa ti la ẹnu láti bá wọn wí kí ìyá gíwá tó jáde láti inú ilé.

Arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó wé gèlè dúdú. Ó sọ̀rọ̀ ní èdè Oǹdó wa, mo kọ ọ́ síbí ní èdè tí gbogbo wa jọ ń kà. Ó ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Òfin Bàbá ni. Ẹni tó bá ń kàwé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí kì í dìde fún ẹnikẹ́ni. Bàbá ní bí ọba bá wọlé, kí ọba jókòó síbi tó bá rí."

Mo wo gíwá. Ó ti gbójú sílẹ̀. Mo wá mọ̀ pé orí irú bẹ́ǹṣì yẹn lòun náà ti dàgbà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ olóògbé jókòó láti pín ogún. Gíwá ní kí n wá, nítorí ọ̀rọ̀ ìwé yóò wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mú ariwo dání, ọ̀rọ̀ mọ́tò náà sì mú ariwo dání. Aṣọ òkè bàbá kò pẹ́ tó fi rí olúwa rẹ̀. Nígbà tó kan ìwé, gbogbo ilé pa kẹ́kẹ́. Ìwé náà kún yàrá méjì, àwọn míràn ti pọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò kòkó ní Bọ́lọ́rundúró. Àbúrò gíwá kan tó ti Èkó wá ní kí wọ́n kó wọn fún àwọn tó ń ta ẹ̀pà, kí wọ́n máa fi wé ẹ̀pà. Gíwá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun á kó wọn lọ sí Àkúrẹ́, wọ́n á gbé wọn sílé ìkàwé, orúkọ Bàbá á sì wà lára wọn títí ayé.

Ìyá rẹ̀ bi í pé, "Ta ni yóò máa kà wọ́n?"

"Àwọn ọmọ ni, Màmá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wa."

"Níbo ni wọn yóò jókòó?"

Màmá kọjú sí mi. "Ìwọ ọmọ Oǹdó, ìwọ lo ń tọ́jú ibẹ̀. Níbo ni wọn yóò jókòó?"

Ọ̀gá mi rèé lápá ọ̀tún, ìyá ọ̀gá mi rèé lápá òsì. Mo ní, "Màmá, a ní yàrá kan lókè tó dára. Tí wọ́n bá dá a padà fún wa, àwọn ọmọ á jókòó níbẹ̀."

Màmá wo ọmọ rẹ̀. Gíwá ní, "A ó dá a padà, Màmá." Ó sọ ọ́ ketekete, gbogbo ẹbí gbọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Nígbà tí a ń padà lọ sí Àkúrẹ́, mo ti ń to bẹ́ǹṣì sí yàrá òkè nínú ọkàn mi, mo ti ń ro ibi tí ìwé Bàbá máa wà àti irú ọmọ tó máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn wọ́n.

Wọ́n kó ìwé dé. A nù wọ́n, a tò wọ́n, a lẹ nọ́ńbà mọ́ wọn lára bí iṣẹ́ wa ti rí. Lẹ́yìn náà ni àwọn káfíńtà wọ yàrá òkè. Pẹpẹ ìwé tí wọ́n kàn síbẹ̀ rẹwà lóòótọ́, igi dáradára ni, ṣùgbọ́n gíláàsì ni wọ́n fi bo iwájú rẹ̀, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ akọ̀wé gíwá. Tábìlì ìpàdé kò kúrò, àwọn àga onítìmùtìmù náà kò kúrò. Mo lọ bá gíwá, mo rán an létí ohun tó sọ ní Oǹdó. Ó ní, "Màdáámù, ẹ ò rí i ni? Mo ti dá a padà. Ìwé ti wà nínú yàrá náà báyìí."

Mo wò ó lójú, mo rí i pé kò purọ́ fún mi. Ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn. Lójú tirẹ̀, ibi tí ìwé bá ti wà, ilé ìkàwé ti wà níbẹ̀. Bóyá ẹnì kan jókòó tì í tàbí kò jókòó tì í, kò wá sí i lọ́kàn. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ àwọn gíwá ti yé mi, tí ìbínú mi sì fi di ìbànújẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí pẹpẹ ìwé náà pé. Wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù dè é, wọ́n pe àwọn àgbààgbà ìlú, àlùfáà gbàdúrà. Wọ́n fi mọ́tò lọ gbé Màmá ní Oǹdó. Èmi ni mo di apá rẹ̀ mú gun àtẹ̀gùn. Ó wọlé, ó wo tábìlì tó ń dán, ó wo àwọn àga, ó lọ dúró níwájú gíláàsì. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó ń wo ìwé ọkọ rẹ̀ lódì kejì. Gíwá ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó ti débi pé ilé ìkàwé ni ọkàn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, nígbà tí Màmá yí padà.

Ó ní, "Àwọn ọmọ dà?"

Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo yàrá gbọ́ ọ. Gíwá ní, "Màmá, wọ́n wà nísàlẹ̀."

"Ìwé Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Òun nìyí lókè, Màmá."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń kà á láti ìsàlẹ̀?"

Ẹnì kan ń wú ikọ́ lẹ́yìn. Màmá jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn, kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí ètò fi parí. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, iyán àti ọbẹ̀ tó ta sánsán, ó fọwọ́ tì í sẹ́yìn. Gíwá fúnra rẹ̀ wá kúnlẹ̀ tì í, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kan ẹnu." Ó ní ebi ò pa òun. Ọmọ Yorùbá tí ìyá rẹ̀ bá kọ oúnjẹ rẹ̀ níwájú àlejò mọ ohun tó gbọ́. Nígbà tí Màmá ń wọ mọ́tò ló sọ gbólóhùn kan fún ọmọ rẹ̀: "Kó ìwé ọkọ mi padà wá fún mi."

Ìwé Bàbá padà sí Oǹdó nínú ọkọ̀ kan náà tó kó wọn wá. Mo bá wọn lọ. Àwọn ọmọ àdúgbò ló gbé wọn wọlé lórí, Màmá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ kan ìwé kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọjá. Inú mi bàjẹ́ nítorí yàrá wa, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé ohun tó ṣe kò tọ́.

Pẹpẹ onígíláàsì ṣófo títí àwọn ará Àbújá fi tún ránṣẹ́. Gíwá pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ti rù díẹ̀. Ó ní, "Màdáámù, òfìfo pẹpẹ yẹn ò ní dára lójú àwọn àlejò. Ẹ bá mi lọ bẹ Màmá. Kí wọ́n kàn yá wa ní ìwé náà fún àkókò ìbẹ̀wò yìí. Ẹ̀yin ni wọ́n máa gbọ́ tiyín." Mi ò jiyàn. Mo wọkọ̀, mo tún gba ọ̀nà Bọ́lọ́rundúró kọjá. Mo bá Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ọsàn fún àwọn ọmọ. Mo kúnlẹ̀, mo jíṣẹ́ ọmọ rẹ̀.

Ó bó ọsàn ọwọ́ rẹ̀ tán kó tó dá mi lóhùn. Ó ní, "Àwọn àlejò yẹn, ṣé wọ́n mọ ọ̀nà Oǹdó? Sọ fún wọn kí wọ́n máa bọ̀. Kí wọ́n jókòó síbi tí wọ́n bá rí."

Mo jíṣẹ́ náà fún gíwá bó ṣe rí, mi ò yọ, mi ò fi kún un. Ó kọjú sí fèrèsé. Ó ní, "Bí Bàbá ṣe máa ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn." Mo retí pé yóò sọ pé kí wọ́n kó bẹ́ǹṣì padà sókè. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, fóònù orí tábìlì rẹ̀ dún, ó gbé e, wọ́n ń bi í léèrè nípa omi ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo dúró díẹ̀, mo sì jáde.

Àwọn àlejò dé. Wọ́n gbé díẹ̀ nínú àga onítìmùtìmù wá sísàlẹ̀ fún wọn, wọ́n yin àga náà. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n kó o lọ. Yàrá òkè kò padà sọ́wọ́ wa títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ti jà fún un, mo ti bẹ̀bẹ̀, mo ti bínú, kò padà. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, wọ́n ṣe ètò ìdágbére fún mi nínú yàrá náà gan-an. Mo jókòó sórí àga tó dẹ̀ jùlọ nínú ilé-ẹ̀kọ́ náà, mo ń wo òkè Àkúrẹ́ láti ojú fèrèsé, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Wọ́n rò pé àárò wọn ló ń sọ mí.

Mo padà sí Oǹdó. Màmá ti di ẹni tí kì í lè dìde lórí ibùsùn mọ́ nígbà yẹn. Ó ní kí n máa bá òun ṣí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án, kí n sì máa tì í tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ìgbà tí Màmá kú, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé kí n dáwọ́ dúró, ni mo bá ń ṣe é lọ. Àwọn ọmọ tí mo bá níbẹ̀ ti dàgbà, òmíràn ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn àbúrò wọn ló wà lórí bẹ́ǹṣì báyìí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mọ́tò kan dúró níwájú ilé. Gíwá ni. Òun náà ti fẹ̀yìn tì, ó wọ ṣòkòtò àti bùbá lásán, irun rẹ̀ ti funfun. Ó yọ lẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀. Bẹ́ǹṣì kún dẹ́nudẹ́nu. Kò sí ọmọ kan tó dìde. Ọ̀kan gbójú sókè, ó wò ó, ó tún padà sínú ìwé rẹ̀.

Ojú tì mí fún un. Ènìyàn ni mí, mo sì ti bá a ṣiṣẹ́ rí. Mo sáré dìde, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí n wá àga fún yín nínú ilé."

Ó ní, "Rárá, Màdáámù. Ẹ má wulẹ̀ gbé àga."

Ó fọwọ́ ti ògiri, ó rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí n fún òun ní ọ̀kan nínú ìwé Bàbá, èyíkéyìí tí kò bá sí lọ́wọ́ ẹnì kan. Mo mú un fún un. Ó ṣí i, ó gbé e sún mọ́ imú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, èmi náà ò yọ ọ́ lẹ́nu. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí ọmọbìnrin kan sáré dé pẹ̀lú ìwé lábíyá. Ó wo bẹ́ǹṣì apá ọ̀tún, ó wo ti apá òsì, kò rí àyè.

Gíwá gbójú sókè, ó sì sún fún un.